Àbẹ̀kẹ́, Mọ́tò Ìje Ọ̀gá Fọlárìn

Ẹ gbé fóònù yín kúrò lójú mi jàre. Mo ti rí i. Mọ́tò ń sáré lójú títì tó ń dán, òyìnbó ń pariwo, ẹ̀yin náà ń pariwo bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wà nídìí sítiárìn. Ṣé ẹ rò pé èmi ò mọ mọ́tò ìje ni? Èmi tí mo jókòó síbí, tí ẹ̀ ń wò bí arúgbó Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí kò mọ̀ ju kó lé ewúrẹ́ kúrò lórí gààrí, mo ti jókòó nínú mọ́tò ìje rí. Ọwọ́ mi yìí ló na imú tuntun fún ọ̀kan. Ọwọ́ mi yìí náà ló tú u palẹ̀. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí n sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má tún fi fóònù hàn mí mọ́.

Páńẹ́lìbítà ni mí. Ẹ ò mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Bí mọ́tò bá forí sọ igi lónìí, wọ́n á ní kí wọ́n lọ gbé ojú tòkúnbọ̀ wá láti Èkó, wọ́n á dè é mọ́ ọn, ó parí. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan á bu pọ́tì, á fi rẹ́ ihò bí ẹni ń rẹ́ ògiri, á fín ọ̀dà lé e, á gbowó. Kí òjò kan rọ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á ṣí. Nígbà tiwa, irin tó wó náà lo máa nà padà. Òòlù onígi, àpò yanrìn, iná gáàsì àti ọwọ́ ẹ, kò sí irinṣẹ́ mìíràn. Láti òwúrọ̀ kùtù lẹ ó ti máa gbọ́ wa láti ojú odò títí dé ọjà: kò, kò, kò. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá dákẹ́, òmíràn á gbà á. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé òun làwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ nísinsìnyí. Kí lẹ̀ ń gbọ́? Jẹnẹrétọ̀.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Fọlárìn wá mi wá. Ọmọ Iléṣà ni, àmọ́ Dàda Estate níbí ló kọ́lé sí. Aṣọ ló ń tà, bí bàbá rẹ̀ ṣe tà á. Ó lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn olówó pọ̀ ní Òṣogbo tí mi ò rántí orúkọ wọn mọ́. Ohun tí mo fi rántí tirẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn mọ́tò ìje àtijọ́ dé ibi tí àwọn ènìyàn fi ń bi ara wọn bóyá orí rẹ̀ pé. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń bá bàbá rẹ̀ ru aṣọ kiri abúlé, àwọn òyìnbó kan ń wa góòlù nínú oko lẹ́bàá Iléṣà. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á gbé mọ́tò kéékèèké tí kò lórùlé jáde, wọ́n á máa bá ara wọn sáré lójú ọ̀nà eléruku. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, òun sọ ẹrù aṣọ kalẹ̀, òun ò rántí gbé e mọ́ títí bàbá òun fi gbá òun létí. Tó bá ń sọ ọ́, á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn òyìnbó ń lọ, wọ́n kó góòlù lọ, wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀. Ta ló sì fẹ́ mọ́tò tí kò lè gbé ju ẹni méjì lọ, tí kò ṣeé kó iṣu? Wọ́n pa wọ́n tì. Ọdún gorí ọdún kí Ọ̀gá Fọlárìn tó di ẹni tó lè rà á, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn láti abúlé dé abúlé. Mẹ́rin ló rí. Ọ̀kan wà nínú oko kòkó, igi ti gba inú rẹ̀ yọ. Méjì wà lẹ́yìnkùlé àgbẹ̀ kan tó ń kó èbù iṣu sínú wọn. Èyí tó pupa, adìyẹ ló ń yé sórí àga rẹ̀. Obìnrin tó ni adìyẹ kọ̀ jálẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé e lójú òun, àfi ìgbà tí Ọ̀gá Fọlárìn gbé káfíńtà wá, tó bá a kan ilé adìyẹ tuntun. Ó sọ gbogbo wọn lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Pupa yẹn ló pè ní Àbẹ̀kẹ́, òun sì ni ààyò.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbé Àbẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìpẹtà ti jẹ imú rẹ̀ tán, ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra àlòkù irin lẹ bá máa gbé èyí lọ bá, kì í ṣe èmi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé o mọṣẹ́ gidi. Bó o bá máa fi pọ́tì ṣe é, sọ fún mi kí n tètè máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mo ní mi ò ní fi pọ́tì kankan ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ, imú yẹn nìkan gbà mí láti ààwẹ̀ ọdún kan dé ààwẹ̀ ọdún kejì. Páànù tuntun ni mo gé, mo ń nà án lórí àpò yanrìn díẹ̀díẹ̀ kó lè tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀. Bí mo bá ní ó ti parí, Ọ̀gá Fọlárìn á dé, á di ojú, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa á láti òkè délẹ̀. "Ó ṣì wú níbí." Níbo? Èmi ò rí nǹkan kan. Á fà mí lọ́wọ́, á gbé ìka mi lé e. Wọlahi, ó wú lóòótọ́, kò nípọn ju èékánná lọ. Inú á bí mi, n ó sọ òòlù sílẹ̀. Á fi Ìjẹ̀ṣà bú mi, mi ò ní gbọ́ ju ìdajì lọ, èmi náà á dá a padà fún un ní ti Òṣogbo. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, Ìyá Gbénga, tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún un ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ọkọ àti ìyàwó ni yín ni?" Á sì gbé iyán kalẹ̀. A ó jọ fọwọ́ bọ abọ́ kan náà, a ò ní rántí ìjà mọ́.

Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Dàda Estate ló kọ́ ọgbà ńlá sí fún àwọn mọ́tò yẹn, ó fi páànù bò ó. Kò sí eruku níbẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, èmi àti mẹkáníìkì rẹ̀ á débẹ̀, a ó tan gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ní ẹ́ńjìnnì tí kò bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ kan máa ń gbàgbé ohùn ara rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ á húkọ́, wọ́n á tú èéfín dúdú. Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń kẹ́yìn. Tirẹ̀ kì í húkọ́. Á kọ́kọ́ kùn lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo páànù òkè á fi máa gbọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ládùúgbò kọ́kọ́ wá fẹjọ́ sùn. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń kó ọmọ wọn wá wò ó, tí wọ́n ń gbé wọn lé èjìká.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ọjọ́ tiwa gan-an. A ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, a ó wà wọ́n láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, sílé bàbá rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọdún yẹn kì í kọjá mi. Ọ̀gá Fọlárìn ló máa ń wa Àbẹ̀kẹ́, èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn á máa na ojú wa. Lọ́dún kan, ó sọ pé kí n di fìlà mi mú. Mo ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń dé fìlà kí wọ́n tó bí i sáyé. Irọ́ gbáà ni mo pa, èmi ni àbúrò. Kí n tó pa ẹnu dé, fìlà ti lọ. Ó bojú wẹ̀yìn láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bíréèkì kò mú, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ara wa láàárín ebè iṣu. Obìnrin tó loko yọ àdá sí wa. Ó ń bọ̀, ó ń bú wa, ṣùgbọ́n nígbà tó rí àwa àgbàlagbà méjì tí iyẹ̀pẹ̀ bo lójú nínú mọ́tò tí kò lórùlé, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àfi ká gbé òun dé Iléṣà. A sì gbé e. Èmi ni mo wọ mọ́tò ẹ̀yìn.

Ta ló máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹ ń ra nǹkan, ẹ ń jù ú nù. Àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ ó gbé e síta. Aago tó dákẹ́, ẹ ó ra òmíràn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àwọn kan wá láti ibi ìjọba lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún àwọn mọ́tò náà kí gbogbo ayé lè wá wò wọ́n. Wọ́n mu mọ́ọ̀tì tí a gbé kalẹ̀ fún wọn, wọ́n gun orí Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lú bàtà wọn, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gá Fọlárìn rán aṣọ tuntun dè wọ́n. Ó dúró dè wọ́n fún ọdún méjì, wọn ò padà. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà á lọ́kàn jẹ́.

Nígbà tí àìsàn dé, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sínú ọgbà mọ́tò. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ràfíù," bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí nítorí àkọ́bí mi, "mẹ́ta tó kù, kí àwọn ọmọ mi ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a ní. Kó dúró síbí. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, kí o máa tan án ní Sátidé, kí gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ mi máa wá gùn ún. Má jẹ́ kí wọ́n tú u."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pe lọ́yà."

Ó yí ojú sí mi. "Ìwé ìhágún? Ṣé o fẹ́ kí n tètè kú ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe rí nígbà yẹn. Ẹni tó bá kọ irú ìwé yẹn, a gbà pé ó ń pe ikú wálé ni. Mi ò tún dá a sọ mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní, "In ṣá Allah, kò sẹ́ni tó máa tú u." Ó dì mí lọ́wọ́ mú pẹ́. Oṣù kan kò pé, ó kú.

Iléṣà ni wọ́n ti pín ogún rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló fi sílẹ̀, gbogbo wọn sì bímọ. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ìyàwó bá pọ̀, wọn kì í ka orí ọmọ, ìdí ìyàwó ni wọ́n ń kà. Ìdí mẹ́ta, ìpín mẹ́ta. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá, nítorí èmi ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà wà lọ́wọ́ mi. Mo múra láti sọ ohun tí mo gbọ́. Mo ti ń tò ó lẹ́nu láti Òṣogbo. Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọmọ àgbà ìdí kejì nínú yàrá, tó ń sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé, "Ẹ máa wo ará Òṣogbo yẹn. Ó ti fọgbọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Tó bá wọlé báyìí, á ní bàbá fún òun ní mọ́tò kan. Olè gbáà ni." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ mi o. Wọn ò tíì pè mí lólè rí láyé mi. Mọ́tò tí wọ́n ń gbé fún mi, bí mo bá bá kọ́bọ̀ lábẹ́ àga rẹ̀, mo máa ń dá a padà ni. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó. Àwọn opó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ẹní lápá kan, wọ́n wọ dúdú. Wọn kì í jẹ́ kí opó sọ̀rọ̀ níbi ogún ọkọ rẹ̀ nínú ẹbí yẹn. Wọ́n pín mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Àbẹ̀kẹ́. Olórí ẹbí, àbúrò bàbá Ọ̀gá Fọlárìn, yíjú sí mi.

"Ará Òṣogbo, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù nídìí nǹkan wọ̀nyí. Ǹjẹ́ ó sọ ohunkóhun fún ọ nípa pupa yìí?"

Mo rí ọmọ àgbà ìdí kejì, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo gbé e lélẹ̀ níwájú bàbá náà. Mo ní, "Rárá, bàbá. Kò sọ nǹkan kan."

Àṣírí irọ́ tí mo pa nìyẹn. Ogún ọdún ó lé ni mo fi gbé e sínú.

Ẹnì kan ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó. Olórí ẹbí jágbe mọ́ ọn. Ó ní ohun tí olóògbé fẹ́ràn jù láyé, àwọn á wá gbé e fún àjèjì? Ó ní èèwọ̀ ni, kò ní jáde nínú ẹbí. Wọ́n tún ní kí ìdí kan máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn yòókù, ìdí méjì tó kù fárígá. Ariwo ta. Nígbẹ̀yìn ni bàbá náà wá ní òun ti rí i: kí wọ́n pín in. Ẹ́ńjìnnì àti jíà fún ìdí kìíní. Ara rẹ̀ fún ìdí kejì. Táyà, àga, sítiárìn àti iná fún ìdí kẹta. Kò ní jáde nínú ẹbí, kò sì sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Gbogbo wọn ní bàbá gbọ́n. Wọ́n ṣe é láti bọ̀wọ̀ fún òkú ni o, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Wọ́n ní àwọn á wá ẹni tó máa tú u. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé èmi ni n ó tú u. Mo rò pé tí wọ́n bá gbé e fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, àáké ni wọ́n máa fi ṣá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é nínú ọgbà yẹn, nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, mo ń fi epo nu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo dé imú, mo di ojú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Kò wú níbì kankan. Mo sunkún bí ọmọdé. Èmi àgbàlagbà, lórí páànù!

Kí ló kù níbẹ̀ lónìí? Ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n gbé e fún ẹnì kan tó fi ń lọ gbágùúdá, kò pé ọdún kan tó fi jó. Àga rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan fún ìgbà díẹ̀. Ara rẹ̀ wà nínú òjò lẹ́yìn ilé kan ní Iléṣà títí àwọn tó ń fi ọmọlanke ra àlòkù irin kiri fi wá wọ̀n ọ́n gbé lọ. Mẹ́ta yòókù náà ti ṣègbé. Ọgbà mọ́tò ti di ilé tí wọ́n fi ń gbowó rẹ́ǹtì. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí tí ẹ bi wọ́n nípa Ọ̀gá Fọlárìn, wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?"

Èmi ti ń tan ara mi jẹ, mo ń sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò gbọ́n, olórí ẹbí ni kò mọ nǹkan, ìjọba ni kò dára. Àfi bí Ìyá Gbénga ṣe wá sílé yìí lọ́dún tó kọjá. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, òun nìkan ló sì wọ ọkọ̀ wá láti Iléṣà. Mo rò pé ó wá kí mi ni. Mo ní kí wọ́n gbé omi wá, kò mu ún.

Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ọjọ́ tí wọ́n pín ogún, kí ló dé tí ẹ ní kò sọ nǹkan kan fún yín?"

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọgbà mọ́tò lọ́jọ́ tó bá yín sọ ọ́. Oúnjẹ ni mo gbé wá fún un. Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ìlérí yín. Wọn ò fún èmi láyè láti sọ̀rọ̀. Orí ẹní ni mo jókòó sí, tí mò ń wojú yín. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin ni, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀, ẹ̀rí wà. Mo fi ọkàn balẹ̀."

Mo ní, "Màmá, wọ́n ti ń pè mí lólè kí n tó wọlé. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní òótọ́ ni."

Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Wọn ì bá pè yín lólè fún oṣù kan, kó sú wọn. Mọ́tò yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀ lónìí."

Ó dìde, ó ní òun fẹ́ tètè rí ọkọ̀ wọ̀ padà. Mi ò lè sìn ín dé títì. Kò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n ránṣẹ́ wá pé ó ti kú, pé kí n wá síbi ìsìnkú. Mi ò lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó, kódà nínú pósí?